Bẹ́ẹ bá fẹ́ kó ìdílé yín lọ sùn nínú ààfin àtijọ́ lókè òkun, bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é rèé

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa ọ̀rọ̀ họ́lídè ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kì í ṣe ti owó o, "ṣé wọ́n tiẹ̀ máa ń gba ọmọdé níbẹ̀?" ni. Wọ́n á ti rí fọ́tò ààfin kan lórí fóònù, ilé ńlá tó ti lò tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún tí wọ́n ti wá sọ di òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dì olópòó mẹ́rin, ọgbà òdòdó, omi tó ń tú yàà láàárín àgbàlá, ọkàn wọn á fà síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á rò pé irú ibẹ̀ yẹn, àwọn olówó tí ò kó ọmọ lẹ́yìn ló wà fún. Rárá o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ìdílé, àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìdílé ni wọ́n dáa fún jù, màmá àgbà, bàbá, ìyá, ọmọ, gbogbo yín pátá. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ilé àtijọ́ ò ní yí padà torí yín. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun, àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ààfin tàbí ilé ìsìn tó di òtẹ́ẹ̀lì, ọba ni wọ́n kọ́ ọ fún, tàbí ọmọ ogun, tàbí àwọn tó fẹ́ máa gbàdúrà tọ̀sán-tòru, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bí wọ́n ṣe máa ti bẹ́ẹ̀dì àti báfù bọ inú ẹ̀. Torí náà ẹ̀yin lẹ máa béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ohun tẹ́ẹ máa béèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí.

Irú ilé wo lẹ tiẹ̀ ń wá?

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ní Sípéènì, ìjọba fúnra wọn ló ni àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní parador, 1928 ni wọ́n ṣí àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ń lọ sí bíi 100 báyìí káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ilé àtijọ́ o, àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ láyé òde òní, ẹ ka ìtàn ilé náà kẹ́ẹ tó búkù. Èyí tó wà ní Santiago de Compostela, Ferdinand àti Isabella, ọba àti ayaba ibẹ̀ nígbà yẹn, ló pàṣẹ kí wọ́n kọ́ ọ ní 1499, ilé ìwòsàn ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀nà jíjìn wá jọ́sìn nínú kàtídírà ìlú náà, 1954 ló di òtẹ́ẹ̀lì. Àgbàlá mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé òjò ń rọ̀ o, oòrùn ń mú o, ọmọ á ríbi dúró sí láìjáde síta.

Èyí tó wà ní Granada, inú ọgbà Alhambra gan-an ló wà, ìyẹn ààfin olódi táwọn ọba Mùsùlùmí ayé ijọ́hun kọ́, ilé àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Franciscan ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin Isabella àti Ferdinand yẹn sí kí wọ́n tó gbé òkú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọba ní 1521. Ó wọ́n, ó sì máa ń tètè kún. Ẹ ṣì tún máa ra tíkẹ́ẹ̀tì Alhambra lọ́tọ̀, orúkọ yín ló máa wà lára ẹ̀, aago tẹ́ẹ máa wọ ààfin Nasrid, ibi táwọn ọba yẹn gan-an gbé, náà á wà níbẹ̀, pé ẹ sùn sínú ọgbà ò ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ẹ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdílé tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, màá ní kí wọ́n fi ti Granada sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ sí parador tó wà ní ìlú kékeré, owó ibẹ̀ mọ níwọ̀n, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì máa ń ráyè bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Àwọn Pọtogí náà ní tiwọn, pousada ni wọ́n ń pè é, láti 1942, èyí tó wà nínú odi ìlú Óbidos yẹn jẹ́ ilé olódi tòótọ́, ọmọkùnrin tó bá fẹ́ràn ìtàn ogun ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Íjíbítì ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé òtẹ́ẹ̀lì náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mena House ní Gíza, ilé tí ọba ibẹ̀ ń dé sí tó bá lọ ṣọdẹ ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ṣí gẹ́gẹ́ bí òtẹ́ẹ̀lì ní 1886, tẹ́ẹ bá jókòó nínú ọgbà ẹ̀ ẹ ó máa wo píramíìdì ńlá yẹn níwájú yín kedere, ibẹ̀ náà ni Churchill, Roosevelt àti Chiang Kai-shek, àwọn olórí Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà, ti ṣèpàdé ní 1943 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Old Cataract wà ní Aswan láti 1899, Winter Palace wà ní Luxor láti 1907. Ẹ ṣọ́ra níbí o, torí ọ̀pọ̀ irú òtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ló ti kọ́ ilé tuntun mọ́ ti àtijọ́, orúkọ kan náà, géètì kan náà, ẹ lè sanwó tán kí wọ́n fún yín ní yàrá nínú ilé tuntun. Kò burú tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, torí èyí tó jẹ́ tuntun máa ń dín owó, ọgbà kan náà lẹ sì jọ máa lò. Kó ṣáà ti jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yàn án.

Ní Íńdíà, ìjọba ibẹ̀ ní òfin lórí ẹ̀, ilé tí wọn ò bá kọ́ ṣáájú 1950 ò lè gba orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àjogúnbá lọ́wọ́ wọn. Ààfin Umaid Bhawan ní ìlú Jodhpur, 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó parí ní 1943, ọ̀dá àti ìyàn ló fà á tí ọba ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà káwọn aráàlú lè ríṣẹ́ ṣe kí wọ́n sì rówó jẹun. Títí dòní ìdílé ọba ṣì ń gbé apá kan, apá kan jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù, apá tó kù ni òtẹ́ẹ̀lì. Ìtàn tó yẹ kí ọmọ yín gbọ́ nìyẹn, ó ju ọ̀rọ̀ góòlù àti jígí lọ. Owó ibẹ̀ ga fíofío ṣá, ẹ lè lọ wo mùsíọ́ọ̀mù ẹ̀, kẹ́ẹ wá sùn sí haveli, ìyẹn ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́, tó wà nínú ìlú.

Jàpáànì jìnnà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ilé àlejò kan, Nishiyama Onsen Keiunkan, tó ti wà láti ọdún 705. Ẹ mọ̀ pé irú ilé àtijọ́ tiwọn yẹn, iye orí ni wọ́n fi ń gba owó kì í ṣe iye yàrá, oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀ sì máa ń wà nínú ẹ̀. Ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, orí ẹní lẹ máa sùn, ìhòòhò ni wọ́n sì ń wọ ibi ìwẹ̀ tí wọ́n jọ ń lò, ọkùnrin lọ́tọ̀ obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kẹ́ẹ tó débẹ̀.

Tẹ́ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí ní Ìlú Ọba, Landmark Trust lẹ máa wò. Láti 1965 ni wọ́n ti ń tún ilé àtijọ́ tó fẹ́ wó ṣe, wọ́n á wá máa fi rẹ́ǹtì fáwọn èèyàn fún ọjọ́ díẹ̀, ilé ìṣọ́, ilé olódi kékeré, ilé ìwé àtijọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì gangan, kò sẹ́ni tó máa se oúnjẹ fún yín, kò sí tẹlifíṣọ̀n, odindi ilé ni wọ́n máa kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ fún yín. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ fún ìdílé Yorùbá ju ohunkóhun lọ nílùú yẹn, torí ó ní kíṣìnì, ẹ ó ro àmàlà yín níbẹ̀, àbúrò yín á wá láti Manchester, ẹ̀gbọ́n á wá láti London, ẹ ó pín owó ẹ̀, ọmọ ìyá mẹ́ta á sùn sábẹ́ òrùlé kan náà lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọn ò ti ríra.

Tẹ́ẹ bá bi mí, Saint-Louis ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fò ó, ó sì máa ń dùn mí. Sẹ̀nẹ̀gà ni, ECOWAS, ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti lọ lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ẹ kàn ro iye tí físà ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún máa jẹ, kẹ́ẹ wá yọ ọ́ kúrò. Ẹ ó wọ bàálù láti Èkó lọ sí Dakar, láti ibẹ̀ ẹ ó gba mọ́tò lọ sí Saint-Louis, ó tó 260 kìlómítà, ẹ fi bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún sí i.

Erékùṣù tóóró kan ni àárín ìlú náà, odò Sẹ̀nẹ̀gà yí i ká, 1659 làwọn Faransé tẹ̀ ẹ́ dó, ibẹ̀ ni olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Dakar. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ osùn àti aláwọ̀ ìyeyè, báńkóònì onígi, àgbàlá láàárín. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti fi í sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé láti 2000. Afárá irin Faidherbe lẹ máa gbà wọlé, 1897 ni wọ́n ṣí i, ó gùn tó 507 mítà, tẹ́ẹ bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀ báyìí ẹ ó rí Hôtel de la Poste lọ́ọ̀ọ́kán. 1850 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn awakọ̀ òfuurufú tó ń gbé lẹ́tà láyé ijọ́hun ló máa ń sùn síbẹ̀, Jean Mermoz wà lára wọn, òun ló gbéra ní Saint-Louis ní oṣù karùn-ún 1930, tó fi bàálù gbé lẹ́tà gba orí òkun kọjá lọ sí Natal ní Bùràsíìlì. Yàrá 219 ni wọ́n ní ó máa ń sùn, tó bá ṣófo ẹ ní kí wọ́n ṣí i fáwọn ọmọ wò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá dúró sójú fèrèsé yẹn, tó ń wo odò, tẹ́ẹ wá sọ fún un pé ọkùnrin yìí gbéra láti inú odò níbí, ó sì di Bùràsíìlì láì balẹ̀ níbì kankan, ẹ ò ní fi agídí kọ́ ọ ní jọ́gíráfì mọ́.

Oúnjẹ ò ní dà yín láàmú. Ìrẹsì ẹlẹ́ja tiwọn, thiéboudienne, tó jẹ́ pé Saint-Louis yìí náà ni wọ́n ní ó ti ṣẹ̀ wá, ẹnu ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á gbà á kíá. Tó bá jẹ́ Disẹ́ńbà tàbí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde lẹ lọ, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọgbà ẹyẹ Djoudj tí ò jìnnà síbẹ̀, ẹyẹ òfú máa ń pọ̀ níbẹ̀ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n á fi gbé yín wò wọ́n. Faransé àti Wolof ni wọ́n ń sọ o, ẹ kọ́ ìkíni àti bí wọ́n ṣe ń béèrè iye ọjà kẹ́ẹ tó lọ, wọ́n fẹ́ràn ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí, bíi tiwa náà ni.

Ohun tẹ́ẹ máa béèrè kẹ́ẹ tó sanwó

Ẹni tó dàgbà jù àti ẹni tó kéré jù nínú ìdílé ni kẹ́ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, ẹ má wo fọ́tò. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì náà fúnra wọn, kódà tó bá jẹ́ áàpù lẹ fi búkù, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ìwé dáhùn, kì í ṣe lórí fóònù, torí ẹni tó gbé fóònù lónìí lè máà sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá dé.

Àtẹ̀gùn ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Ṣé lífítì wà, ṣé ó dé òkè tí yàrá wa wà, ìpele mélòó ló wà láti ẹnu ọ̀nà dé bẹ́ẹ̀dì, ṣé ibi ìdìmú wà. Ní Yúróòpù pàápàá, òfin máa ń dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ín ò lè déédéé dá ògiri lu kó fi lífítì sí i, nítorí náà ẹ má rò pé ilé olówó gọbọi gbọ́dọ̀ ní lífítì. Ẹ bi wọ́n léèrè yàrá ìsàlẹ̀, kẹ́ẹ sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá náà sínú èsì wọn.

Mòrókò ló kọ́ mi ní pàtàkì ọ̀rọ̀ yìí. Riad ni wọ́n ń pe àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀, ní Fes àti Marrakech, ẹni tó bá sì dàgbà sí agboolé lọ́dọ̀ wa á mọ inú ẹ̀ rìn láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀nà hàn án, ògiri gíga níta, gbogbo yàrá kọjú sí àgbàlá, tẹ́nì kan bá húkọ́ níbí gbogbo ilé gbọ́. Mo ti gba yàrá ìsàlẹ̀ fún ìyá ọkọ mi ká tó kúrò nílé torí orúnkún wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìlú láti orí òrùlé. Àtẹ̀gùn yẹn tóóró, ó ń yí, táìlì kéékèèké aláràbarà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ìpele kan ga ju ìpele méjì lọ nílé wa. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún ti ògiri, wọ́n fi tòsì ká ìró sókè, ọmọ mi àgbà wà lẹ́yìn wọn, èmi wà níwájú, a ń sinmi níbi gbogbo tó bá ti yí. Nígbà tá a dókè, obìnrin tó ń dáná níbẹ̀ fi tìmùtìmù sílẹ̀ fún wọn, ó gbé tíì ewé míńtì wá, àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n sì jọ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú tí wọ́n ń fọwọ́ júwe ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ fún ara wọn. Tó bá jẹ́ pé òkè yẹn ni yàrá wọn wà, tó jẹ́ pé tipátipá ni wọ́n ń gùn ún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé, wọn ò bá ti bínú sí ilé náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn.

Riad yìí náà, ẹ bi wọ́n nípa omi. Ọ̀pọ̀ ló ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kékeré láàárín àgbàlá tí wọn ò fi nǹkan yí ká, ọmọ ọdún méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé inú omi. Ògiri orí òrùlé ńkọ́, báwo ló ṣe ga tó? Tí ọmọ yín bá ṣì wà ní irú ọjọ́ orí yẹn, ẹ wá ilé tí ò ní omi, ó ju kẹ́ẹ máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru lọ. Mọ́tò kì í wọ inú ìlú àtijọ́ náà, ẹnu ibodè ló máa já yín sí, ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì rán oníkẹ̀kẹ́ ẹrù wá pàdé yín, kẹ́ẹ sì béèrè iye ẹ̀ ṣáájú. Ọ̀nà míì tún wà tó dáa, tẹ́ẹ bá pọ̀, ẹ gba odindi riad kékeré kan, yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó máa ń dín owó ju kẹ́ẹ gba yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, ariwo ọmọ ò sì ní di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọjọ́ orí náà ńkọ́? Àwọn kan wà tí kì í gba ọmọ tí ò tíì pé 12, wọ́n sì lè kọ ọ́ síbi tẹ́ẹ ò ní tètè rí. Bẹ́ẹ̀dì: yàrá ilé àtijọ́ ò dọ́gba, ọ̀kan á fẹ̀, èkejì á há, ilẹ̀kùn tó já yàrá méjì síra sì ṣọ̀wọ́n, torí náà ẹ béèrè bóyá yàrá àwọn ọmọ kọjú sí tiyín tàbí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà. Wi-Fi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ògiri òkúta. AC tàbí ẹ̀rọ amúlémóoru, omi gbígbóná, ẹ béèrè gbogbo ẹ̀. Àti aago oúnjẹ o! Ní Sípéènì, ilé oúnjẹ lè máà ṣí fún oúnjẹ alẹ́ títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ọmọ kékeré á ti sùn pẹ̀lú ebi. Ẹ jẹun ọ̀sán dáadáa, kẹ́ẹ ra búrẹ́dì àti èso sínú yàrá.

Owó, àti ìgbà tó yẹ kẹ́ẹ lọ

Ẹ má ṣe kó ilé àtijọ́ mẹ́rin sínú họ́lídè kan ṣoṣo. Mo máa ń rí ìwé ìrìn àjò táwọn èèyàn kọ, òní Madrid, ọ̀la Toledo, ọ̀tunla Granada, ọmọ á kàn máa tú àpótí, á máa di àpótí. Ẹ sùn sí ilé àtijọ́ kan fún alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ẹ fi ìyókù ọjọ́ gba fúláàtì tó ní kíṣìnì, owó tẹ́ẹ bá fi pa mọ́ lórí ìyẹn lẹ ó fi sanwó yàrá tó dáa nínú ilé àtijọ́ náà. Alẹ́ Sunday sí Thursday sábà máa ń dínwó ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Èyí tí agbára yín ò bá sì ká láti sùn, ẹ lọ jẹun ọ̀sán níbẹ̀ tàbí kẹ́ẹ mu tíì nínú ọgbà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba ẹni tí kì í ṣe àlejò wọn, ẹ kàn fi ímeèlì béèrè kẹ́ẹ sì wọṣọ tó bójú mu.

Họ́lídè ọlọ́jọ́ gbọọrọ àwọn ọmọ wa, láti òpin July wọ September, ló máa ń fa wàhálà. Yúróòpù wọ́n gan-an lásìkò náà, gúúsù Sípéènì sì máa ń gbóná janjan. Luxor àti Aswan lè kọjá 40 lórí ìwọ̀n ooru, owó òtẹ́ẹ̀lì máa ń wálẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ má mú arúgbó lọ. Íńdíà wà lábẹ́ òjò. Disẹ́ńbà àti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ló dáa fún Íjíbítì àti Sẹ̀nẹ̀gà, Mòrókò náà dáa nígbà Àjíǹde. Tó bá jẹ́ pé August nìkan lẹ ráyè, àríwá Sípéènì níbi tí Santiago wà ò gbóná tó gúúsù, Ìlú Ọba náà dáa.

Ẹ rí i pé òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ búkù jẹ́ èyí tẹ́ẹ lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀, títí físà á fi jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dínwó tan yín sanwó tí wọn ò ní dá padà. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló tún máa di owó kan mú lórí káàdì yín lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá dé, torí bóyá nǹkan bà jẹ́, owó yẹn lè lo ọjọ́ díẹ̀ kó tó padà, nítorí náà ẹ má gbé káàdì kan ṣoṣo dání, kẹ́ẹ sì fi owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú àkáǹtì dọ́là tàbí yúrò yín. Ìlú púpọ̀ ní Yúróòpù máa ń gba owó orí àlejò fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó lè máà sí nínú owó tẹ́ẹ rí lórí áàpù.

Ìwé

Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tó fi mọ́ Sípéènì àti ti àwọn Pọtogí, jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11, èyí tí ò tíì pé 6 ò san. Bàbá, ìyá, àti ọmọ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọdún 4, 8 àti 11, ẹ ó san 270 yúrò, kẹ́ẹ tó wá san ti àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù. Ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ tètè ṣe é, torí àtirí ọjọ́ tẹ́ẹ máa lọ fi ìka tẹ̀wé ló máa ń le jù.

Tó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ń kó ọmọ lọ, ẹ gba lẹ́tà ìfọwọ́sí lọ́wọ́ òbí kejì, kí kọ́ọ̀tù tàbí lọ́yà tó láṣẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ dání. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lẹ ń mú lọ, lẹ́tà àwọn òbí ẹ̀ méjèèjì ni. Lọ́dọ̀ wa ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bá tọ́, ọmọ ẹ̀ ni, àmọ́ àwọn tó wà ní èbúté ò mọ ìyẹn, ìwé ni wọ́n máa wò. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, káàdì yẹ́lò ẹ̀ ò sì lọ́jọ́ tó máa parí mọ́.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má gbéra lọ Èkó lọ́jọ́ tí bàálù yín ń fò. Ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ọjọ́ kan ṣáájú, tàbí kẹ́ẹ gba Ìlọrin kẹ́ẹ wọ bàálù ibẹ̀ lọ sí Èkó, ó súnmọ́ wa ju pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn lọ.

Àwọn ọmọ

Kẹ́ẹ tó kó wọn lọ wo ààfin ẹlòmíì, ẹ mú wọn lọ sí ààfin Sọ̀ún àti ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí kọ̀bì, kí wọ́n rí òpó onígi tí wọ́n gbẹ́ ère sí, kí wọ́n béèrè ta ló ń gbé ibo, ibo ni wọ́n ti ń dáná, ibo ni àwọn ìránṣẹ́ ń sùn. Ọmọ tó bá ti mọ ìbéèrè wọ̀nyí nílé, á béèrè ẹ̀ ní Santiago, á béèrè ẹ̀ ní Jodhpur. Ìbéèrè nípa ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn yẹn ṣe pàtàkì lójú mi, torí ilé ńlá wọ̀nyí, ọwọ́ àwọn tálákà ló kọ́ ọ, ọwọ́ wọn ló sì ń nù ún, àwọn atọ́nà kì í sábà dárúkọ wọn àyàfi tí ẹnì kan bá béèrè.

Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ilé àtijọ́ máa ń dún lóru. Igi ló ń fà sẹ́yìn nígbà tí òtútù bá mú, kì í ṣe òkú ọba. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré dání fún ẹni tó bá fẹ́ lọ ilé ìtura lóru. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, epo tó wà lọ́wọ́ èèyàn máa ń ba á jẹ́.

Bọ́ílà tí a fi ń se omi, àti síítófù kékeré, ẹ fi sílé. Òrùlé igi ni, wọn ò ní gbà kẹ́ẹ se índómì nínú yàrá, èéfín díẹ̀, aago iná á pariwo jí gbogbo òtẹ́ẹ̀lì. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, kò gbọ́dọ̀ wọ Yúróòpù látọ̀dọ̀ wa, kìlíṣí, ẹran gbígbẹ, wàrà Fúlàní, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní èbúté. Púlọ́ọ̀gì wa ẹlẹ́nu mẹ́ta bá ti Ìlú Ọba mu, Sípéènì, Mòrókò, Íjíbítì àti Sẹ̀nẹ̀gà ń lo ẹlẹ́nu róbótó méjì, ẹ ra adápítọ̀ kẹ́ẹ tó kúrò nílé.

Tó bá jẹ́ Disẹ́ńbà lẹ ń fojú sùn, pásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ẹ yọ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ti ọmọ tí ò tíì pé 18, ọdún márùn-ún péré ló ń lò, ó sì rọrùn kéèyàn gbàgbé pé tọmọ ti fẹ́ tán nígbà tí tòbí ṣì wà digbí. Èyí tó bá ti ku oṣù mẹ́fà sí ìsàlẹ̀, ẹ lọ tún un ṣe ná. Àárín ìgbà tẹ́ẹ bá ń retí ẹ̀ lẹ ó fi kọ ímeèlì sáwọn òtẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ ọ́ sí mẹ́ta pọ̀, ìbéèrè kan náà, èyí tó bá dáhùn ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yín ní kíkún láìjẹ́ pé ẹ tún un béèrè ni kẹ́ẹ mú.